Lysosome inú sẹ́ẹ̀lì dendritic: ibo ló ń gbà lọ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá jí?

Àrẹ̀mọLáàbù

Ẹ̀yin àgbà ilé yìí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì dendritic (sẹ́ẹ̀lì adáàbòbo ara tó ń mú ègé ohun àjèjì lọ han sẹ́ẹ̀lì T, ọmọ ogun ara) láti inú mùdùnmúdùn egungun eku. Mo fi GM-CSF, púrótéènì tó ń mú wọn dàgbà, bọ́ wọn fún ọjọ́ 7, mo wá pín wọn sí àwo méjì. Àwo kìíní, n kò fi ohunkóhun sí i. Àwo kejì, mo ta LPS sí i (ara èèpo bakitéríà ni wọ́n ti ń rí i, òun ló ń jí sẹ́ẹ̀lì sí iṣẹ́, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n), mo sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Lẹ́yìn náà mo fi aró tó ń tàn kùn wọ́n: MHC II, púrótéènì tó ń gbé ègé ohun àjèjì hàn lójú sẹ́ẹ̀lì, ní àwọ̀ ewé, LAMP-1 tó máa ń wà lára awọ lysosome ní pupa.

Nínú àwo kìíní, ewé àti pupa gun orí ara wọn, ó di ìyeyè, ó kóra jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nucleus bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Nínú àwo kejì, ewé ti sá lọ sí etí sẹ́ẹ̀lì, ó yí i ká bí òrùka. Pupa nìkan ló kù láàárín.

Ìbéèrè mi nìyí: yàrá tí MHC II wà nínú rẹ̀ lánàá, ibo ló lọ? Ṣé ó tú ni, àbí gbogbo yàrá náà ló kó lọ sétí? Olùkọ́ mi wo àwòrán náà, ó ní "ó ti tún ara rẹ̀ tò", ó bá tirẹ̀ lọ. Títò wo? Ta ló tò ó?

Èkejì: lysosome ni ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń jẹ nǹkan run. Báwo ni MHC II ṣe ń jókòó sínú rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò dà?

Ẹ̀kẹta, èyí tó ń tì mí lójú: nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta sẹ́ẹ̀lì àwo kìíní, tí n kò fi LPS kàn rárá, ti ní òrùka ewé yẹn tẹ́lẹ̀.

BàbáEndosome

Ìbéèrè gidi lo bi, má jẹ́ kó tì ọ́ lójú. Ẹ̀kẹta yẹn, OjúDígí ni kí o bi, iná ọ̀rọ̀ náà ti jó o rí.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Ní 1981 àti 1982, Ziegler àti Unanue fi hàn pé tí macrophage (sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé kòkòrò mì) bá gbé bakitéríà Listeria mì, sẹ́ẹ̀lì T kì í dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ń gba àkókò. Tí wọ́n bá wá fi ammonia tàbí chloroquine sí i, kò dá a mọ̀ mọ́ rárá. Ohun tí méjèèjì jọ ń ṣe ni pé wọ́n ń sọ ásíìdì inú sẹ́ẹ̀lì di yẹpẹrẹ. Ìyẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé antígẹ́ìnì (ohun àjèjì tí ara ń dá mọ̀) gbọ́dọ̀ gba yàrá olásíìdì kan kọjá kó tó di ohun tí a lè fi hàn. Ní 1991, Peters, Geuze àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé sẹ́ẹ̀lì B ti ènìyàn sábẹ́ máíkíróskóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, wọ́n rí yàrá náà: MHC II kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n pè é ní MIIC.

Ìrìn-àjò MHC II rèé. Inú ER (ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń hun púrótéènì) ni wọ́n ti ń hun ún, ó sì ní yàrà kan ní orí rẹ̀ tí peptide, ègé púrótéènì, máa ń sùn sí. Ṣùgbọ́n ER kún fún ìdì púrótéènì tí kò kàn án. Nítorí náà wọ́n fi invariant chain, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ii, dí yàrà náà pa. Ii mẹ́ta máa ń so mọ́ra, ọ̀kọ̀ọ̀kan a gbé MHC II kan dání, gbogbo rẹ̀ a di ìdì ẹlẹ́yọ mẹ́sàn-án. Ìrù Ii yẹn ló ru àdírẹ́sì: àmì leucine méjì-méjì tó ń sọ pé endosome (yàrá tí ohun tí sẹ́ẹ̀lì gbé mì ń gbà kọjá lọ sí lysosome) ni kí wọ́n gbé e lọ.

Tó bá dé ibẹ̀, pH ti ń lọ sílẹ̀ láti bí 6 sí 5 títí dé bí 4.5, àwọn ẹ́ńsáìmù bẹ̀rẹ̀ sí í gé Ii díẹ̀díẹ̀. Cathepsin S ló ń gé ìkẹyìn. Ohun tó kù nínú yàrà ni ègé kékeré tí a ń pè ní CLIP. HLA-DM (H2-M nínú eku) á wá yọ CLIP, á di ẹnu yàrà náà mú títí peptide gidi á fi bọ́ sí i. Tí èyí tó bọ́ sí i kò bá jókòó dáadáa, DM á tún yọ òun náà sọnù. Aláìgbàgbọ́ ni DM, kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ kejì wà níbẹ̀: MHC II tó ti ní peptide tó mú dáadáa máa ń ki mọ́ra débi tí ẹ́ńsáìmù kò rí ibi dì í mú. Èyí tí yàrà rẹ̀ ṣófo ni ó ń rọ, tó ń bàjẹ́.

Ti ìkíní: ìwọ ń rò ó bíi yàrá oníbíríkì tó ní ilẹ̀kùn. Awọ rírọ̀ ni. Ó ń ya, ó ń so, ó ń gùn, ó ń súnkì. Yàrá kan náà lè ṣiṣẹ́ ilé ìpamọ́ láàárọ̀ kó di ojú ọ̀nà ní alẹ́.

Atakò

MIIC, CIIV, late endosome, lysosome, multivesicular body… Gbogbo ẹni tó ra máíkíróskóòpù ló ń sọ yàrá náà lórúkọ. Nǹkan kan náà kọ́?

BàbáEndosome

Ọ̀pọ̀ rẹ̀, nǹkan kan náà ni. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé MIIC jẹ́ yàrá àrà ọ̀tọ̀ tí sẹ́ẹ̀lì adáàbòbo ara nìkan ní. Ó wá hàn pé late endosome àti lysosome tí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ní ni, MHC II àti DM ló kàn wọ ibẹ̀. CIIV nìkan ni mo rò pé ó yẹ kó dá dúró, OjúDígí á sọ ìdí rẹ̀.

OjúDígí

Ẹ kú àtàárọ̀. Àrẹ̀mọ, àwòrán wákàtí 24 tí o yà yẹn dà bíi ti ẹni tó dé pápá lẹ́yìn tí eré ti parí. O rí èsì, o kò rí bí wọ́n ṣe gbá a.

Gbé sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè sórí máíkíróskóòpù, kí àpótí rẹ̀ gbóná dé 37°C, kí MHC II rẹ̀ ní GFP, púrótéènì tó ń tàn ní àwọ̀ ewé, lára. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àmì róbótó-róbótó ni wàá rí, wọ́n ń gbọ̀n lójú kan bí ẹni tí òtútù mú. Ta LPS sí i. Fún wákàtí mélòó kan, kò sí ohun tí ojú lè tọ́ka sí. Mo ti sùn lórí àga rí ní ibi yìí. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn róbótó yẹn á na orí síta bí ìgbín tó ń yọ ìwo. Ó di ìka tẹ́ẹ́rẹ́. Ó tọ microtubule (okùn tí ẹrù ń gbà rìn nínú sẹ́ẹ̀lì) lọ títí dé abẹ́ awọ òde, á fà sẹ́yìn díẹ̀, á tún gùn. Nígbà míì orí rẹ̀ á já, èyí tó já á di àpò kékeré, á lọ lẹ̀ mọ́ awọ òde, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á fọ́n ká lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí omi bá kán sórí bébà. Ìyẹn ni MHC II ń dé ojú sẹ́ẹ̀lì. Òrùka ewé rẹ, irú àwọn àpò bẹ́ẹ̀ ló kún un.

Ìwé méjì tó jáde nínú Nature ní 2002 ló kọ́kọ́ fi èyí hàn nínú sẹ́ẹ̀lì ààyè: ti Boes àti ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n lo eku tó ní GFP lára MHC II, àti ti Chow pẹ̀lú Mellman. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ti Boes ni pé ìka wọ̀nyẹn kì í nà káàkiri lásán. Tí sẹ́ẹ̀lì T tó mọ peptide náà bá fara kan sẹ́ẹ̀lì dendritic, apá ibẹ̀ ni wọ́n ń kọjú sí.

Níbo ni awọ tí ìka fi ń gùn ti ń wá? Ọdún 2001, Kleijmeer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi máíkíróskóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wò ó. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí kò tí ì jí, yàrá náà jẹ́ àpò ńlá tó kó àwọn àpò kéékèèké sínú, ara awọ àwọn kéékèèké yẹn ni ọ̀pọ̀ MHC II so rọ̀ sí. Tí sẹ́ẹ̀lì bá jí, àwọn àpò inú yẹn máa ń padà so mọ́ awọ àpò ńlá. MHC II tó wà nínú á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ní tèmi, ibẹ̀ ni àfikún awọ ti wá: awọ pọ̀ ju ohun tó wà nínú lọ, kò sí ohun tó kù ju kó nà.

Ìbéèrè rẹ kìíní wá kù díẹ̀. Ìyeyè rẹ kò lọ síbì kankan o, ó pín sí méjì ni. Ní 2000, Turley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé MHC II tó ti ní peptide máa ń ya kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn púrótéènì lysosome, á kó sínú àpò tirẹ̀ pẹ̀lú CD86 (púrótéènì tó ń ru sẹ́ẹ̀lì T sókè), wọ́n á sì jọ dé ojú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn àpò yẹn ni CIIV, Atakò, kì í ṣe orúkọ àpọ́nlé. LAMP kò bá wọn lọ. Nítorí náà lo ṣe rí pupa láàárín àti ewé létí.

Ta ló tò ó? Ojú ọ̀nà ni microtubule. Tí o bá fi nocodazole tú microtubule, àwọn ìka yóò wọlé padà. Ẹ́ńjìnnì tó ń fa ẹrù síta ni kinesin, Arl8b ló sì ń so lysosome mọ́ ọn. Dynein ń fà á padà sọ́dọ̀ nucleus. Ìjà okùn ni, ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá jí ni apá òde máa ń borí.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹ: ìka wọ̀nyí kì í fẹ́ kí a pa òun. Formaldehyde máa ń já wọn sí wóró-wóró, wàá sì búra pé àpò róbótó ni wọ́n. Bí o bá fẹ́ rí wọn, wo ààyè.

Nọ́ọ̀sì_Àṣàkẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá, èmi kì í ṣe ti láàbù, mo kàn máa ń yọjú síbí ni. Chloroquine tí Bàbá mẹ́nu bà yẹn, ṣé mọ̀lẹ́bí hydroxychloroquine tí a ń fún àwọn tó ní lupus ni? Ṣé nítorí MHC II ni wọ́n fi ń lò ó?

Arínúróde

Mọ̀lẹ́bí ni, ẹ̀gbọ́n. Oògùn méjèèjì máa ń wọ inú yàrá olásíìdì ní fífúyẹ́, wọ́n á gba proton níbẹ̀, wọn ò sì ní lè jáde mọ́. pH á gòkè, àwọn ẹ́ńsáìmù á rọ, Ii kò ní gé tán, peptide kò ní wọ yàrà dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ fún MHC II. TLR7 àti TLR9, tó ń gbóòórùn RNA àti DNA, inú endosome kan náà ni wọ́n ń gbé, hydroxychloroquine ń dí àwọn náà lọ́wọ́. Nínú lupus, ọ̀pọ̀ ni wọ́n gbà pé ọ̀nà yẹn wúlò gan-an. Bí aláìsàn bá béèrè, ẹ sọ pé ìdí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Nọ́ọ̀sì_Àṣàkẹ́

Ẹ ṣé gan-an.

Atakò

Mo ní àtakò kan (ẹ mọ̀ mí). Bí ó bá jẹ́ pé gígé ni iṣẹ́ náà, macrophage ni ó yẹ kó jẹ́ ọ̀gá àfihàn. Kò sí ohun tí macrophage kò lè jẹ. Kí ló dé tí gbogbo ìwé fi ń gbé sẹ́ẹ̀lì dendritic gẹ̀gẹ̀? Ṣé nítorí pé Steinman gba Nobel lórí rẹ̀ ni?

Arínúróde

Steinman àti Cohn ti ṣàpèjúwe sẹ́ẹ̀lì yẹn láti 1973, Nobel sì jẹ́ 2011. Ọdún 38 ló fi dúró, ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí wọ́n kéde ẹ̀bùn náà tí ó fi kú. Ẹ jẹ́ ká fi ọkùnrin náà sílẹ̀ kó sinmi.

Àtakò rẹ dára, àmọ́ orí ló dúró lé. Torí pé macrophage ń jẹ gbogbo nǹkan tán ni kò fi ń rí nǹkan fi hàn. MHC II ò wá amino acid ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Peptide tó gùn tó 13 sí 25 ló ń wá. Tí ẹ́ńsáìmù bá lọ̀ ọ́ kúnná ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ni DM fẹ́ fi sínú yàrà?

Delamarre, Trombetta, Mellman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé èyí jáde nínú Science ní 2005. Wọ́n wọn ẹ́ńsáìmù tó ń gé púrótéènì nínú lysosome macrophage àti ti sẹ́ẹ̀lì dendritic. Ti macrophage pọ̀ fíìfíì. Antígẹ́ìnì tó wọ inú rẹ̀, kíá ló ti di omi. Nínú sẹ́ẹ̀lì dendritic, ó ń pẹ́ kó tó tán.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìwé tí mo fẹ́ràn jù jáde. Wọ́n mú ribonuclease A, púrótéènì tó le bí òkúta, àti RNase-S. RNase-S jẹ́ ribonuclease kan náà, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti gé e lára, ó sì ti rọ̀ díẹ̀. Àwọn amino acid wọn dọ́gba, peptide tí a lè rí nínú wọn dọ́gba. Tí wọ́n bá fún eku ní èyí tó le, ara eku ń jà fún un dáadáa. Èyí tó rọ̀, ìdáhùn rẹ̀ kò tó nǹkan. Kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn ju bí wọ́n ṣe ń yá dà sí.

Wá wo ibi tí títò yàrá ti wọ̀ ọ́. Sẹ́ẹ̀lì dendritic tí kò tí ì jí kì í da gbogbo ásíìdì sí lysosome. Trombetta fi hàn ní 2003 pé V-ATPase, ẹ̀rọ tó ń fa proton wọlé, wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n wọn kò tò ó pọ̀ tán: apá kan rẹ̀ wà lára awọ, apá kejì ń rìn kiri. Tí LPS bá dé, apá méjèèjì á so pọ̀, pH á já sí bí 4.5, gígé Ii àti antígẹ́ìnì á bẹ̀rẹ̀ gan-an. Nítorí náà ṣáájú ìdágìrì, ilé ìpamọ́ ni lysosome jẹ́. Sẹ́ẹ̀lì náà ń kó ẹrù wọlé, kò tíì tú u.

Lójú mi, ohun tí olùkọ́ Àrẹ̀mọ pè ní "títò" nìyẹn. Ibi tí yàrá wà jẹ́ ìdajì ọ̀rọ̀. Ìdajì kejì ni bí ó ṣe lágbára tó láti jẹ nǹkan, àti ìgbà tí wọ́n yọ̀ǹda fún un láti jẹ.

Ó sì tún ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Sẹ́ẹ̀lì dendritic kan náà lè fi antígẹ́ìnì tó gbé mì láti ìta hàn lórí MHC I, èyí tó sábà máa ń fi ègé púrótéènì inú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ hàn. Bevan ló kọ́kọ́ rí i ní 1976, cross-presentation la ń pè é. Fún èyí, ásíìdì tètè ba iṣẹ́ jẹ́. Savina àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2006 pé sẹ́ẹ̀lì dendritic máa ń gbé ẹ́ńsáìmù NOX2 lọ sára phagosome (àpò tí ohun tó gbé mì wà nínú rẹ̀) láti jẹ proton inú rẹ̀, kí pH má bàa lọ sílẹ̀ kíákíá. TFEB, púrótéènì tó ń darí àwọn jíìnì lysosome, ló dà bí atọ́ka láàárín ọ̀nà méjèèjì: Samie àti Cresswell kọ ọ́ ní 2015 pé tó bá ṣiṣẹ́ púpọ̀, lysosome á gbóná, MHC II á jèrè, cross-presentation á pàdánù.

Atakò

Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n má tíì sáré kúrò lórí cross-presentation. Báwo ni Sec22b ti jẹ́?

Arínúróde

Mo mọ̀ pé wàá débẹ̀. Fún àwọn tó kù: ní 2011, Cebrian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé Sec22b ló ń mú àwọn púrótéènì ER wá bá phagosome, tí phagosome fi ń rí ohun èlò láti ti antígẹ́ìnì jáde sínú cytosol (omi inú sẹ́ẹ̀lì). Ní 2017, ẹgbẹ́ méjì ṣe eku tí kò ní Sec22b nínú sẹ́ẹ̀lì dendritic rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ní cross-presentation bàjẹ́, èkejì ní kò sí ohun tó ṣe é. N kò ní dá ẹjọ́ yẹn níbí.

ẸyinLójú

Ṣé sẹ́ẹ̀lì B náà ń na ìka ni? Òun náà ń fi antígẹ́ìnì hàn, àbí?

BàbáEndosome

Ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀, ó sì lẹ́wà. Sẹ́ẹ̀lì B kì í gbé ohunkóhun tó bá rí mì. Èyí tí olùgbà ara rẹ̀ bá mọ̀ nìkan ló ń fà. Lọ́pọ̀ ìgbà, antígẹ́ìnì náà kò léfòó nínú omi, ó lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Nígbà náà sẹ́ẹ̀lì B á tẹ́ ara rẹ̀ mọ́ ọn, ojú ìpàdé á ṣẹ̀dá, odidi inú sẹ́ẹ̀lì á sì yí. Centrosome, tó jẹ́ orísun microtubule, á kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ nucleus, á sún mọ́ ojú ìpàdé, lysosome á tẹ̀ lé e. Yuseff, Lennon-Duménil àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn ní 2011 pé àwọn lysosome yẹn máa ń tú ásíìdì àti ẹ́ńsáìmù sínú àyè tóóró tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì méjèèjì, láti fi gé antígẹ́ìnì kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́.

Ẹgbẹ́ Tolar ní tiwọn fi hàn ní 2013 pé fífà lásán tó, myosin ló ń pèsè agbára rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tún rí i pé ó dá lórí bí ibi tó lẹ̀ mọ́ ṣe le tó: bó bá rọ̀, sẹ́ẹ̀lì B á fà á já, bó bá le tí kò já, á tú lysosome lé e lórí.

Lysosome kan náà, ìta ló ti ń ṣiṣẹ́. Èyí kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ìwé ilé-ẹ̀kọ́, n kò mọ ìdí.

Àrẹ̀mọLáàbù

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ṣeun, mo ti tẹ ojú-ewé yìí jáde, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ dárí jì mí, ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan ìdá kan nínú mẹ́ta mi o. Ẹ̀gbọ́n OjúDígí?

OjúDígí

Mo ń bọ̀, mo fẹ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ni.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn ti jí kí o tó jí wọn. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ. Ní ọjọ́ 6, 7, sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn máa ń so jọ ní ìdì-ìdì. Tí o bá fi pipette fa ìdì náà sókè sódò kó lè tú, títú yẹn nìkan tó láti jí wọn. E-cadherin ló ń so wọ́n pọ̀, tó bá já, sẹ́ẹ̀lì á ka jíjá yẹn sí ìdágìrì, kódà láìsí kòkòrò kankan níbẹ̀. Fọwọ́ jẹ́jẹ́.

Èkejì, ohun tí o fi bọ́ wọn. Mo ra ìyẹ̀fun ovalbumin nígbà kan lọ́wọ́ olùtajà kan, wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé ó mọ́ tónítóní. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń kọ ìwé lórí bí ovalbumin ṣe ń na ìka lysosome. Inú mi ń dùn, mo ti ń yan àwọ̀ àwòrán fún ojú ìwé kìíní. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi LAL wọn LPS inú rẹ̀. LPS ló kún ibẹ̀. Ovalbumin kò na ìka kankan, èmi ni mo ń ta LPS sí sẹ́ẹ̀lì mi láìmọ̀. Wọn ohun gbogbo: omi, ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù, púrótéènì. Bí o bá ní eku tí kò ní TLR4, olùgbà tó ń mọ LPS, fi sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe àfiwéra.

Nǹkan kan wà tí kò sí ẹni tó sọ lókè: ìdí tí òrùka náà fi ń dúró. Kì í ṣe pé MHC II ń jáde nìkan. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń sùn, MHC II ń dé ojú sẹ́ẹ̀lì náà, àmọ́ ẹ́ńsáìmù MARCH1 máa ń fi ubiquitin, púrótéènì kékeré kan, sàmì sí ìrù rẹ̀, lórí lysine 225 ti ẹ̀ka beta, wọ́n á sì fà á padà wọlé láti lọ run. Tí sẹ́ẹ̀lì bá jí, MARCH1 á dín kù, CD83, púrótéènì mìíràn, náà á máa dí i lọ́wọ́. Àmì tán, ìfàpadà tán. Cella, Lanzavecchia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọn èyí ní 1997 nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn: ṣáájú, ìdajì MHC II ń run láàárín bí wákàtí 10, lẹ́yìn jíjí, ó ju wákàtí 100 lọ. Peptide tí sẹ́ẹ̀lì gbé dání lọ́jọ́ ìdágìrì ni yóò gbé dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì T, kò ní pààrọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Atakò

Ìyẹn ni pé kí o tó gbàgbọ́ nínú òrùka, wọn ìgbà tí MHC II fi ń pẹ́, má kàn ya àwòrán.

OjúDígí

Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún yìí, Atakò sọ òótọ́.

Àrẹ̀mọLáàbù (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Mo padà dé o. Mo fi LAL wọn ohun gbogbo. Ohun tí mo fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì mọ́, omi mọ́. Ọwọ́ mi ni! Mo ti ń fi pipette kékeré tú ìdì wọn bí ẹni ń fọ aṣọ. Mo lo èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, mo rọra ṣe é, ìdá kan nínú mẹ́ta wálẹ̀ sí bí ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Wọ́n tún yá mi ní sẹ́ẹ̀lì tó ní MHC II-GFP. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì mo jókòó tì í. Mo fi LPS sí i, mo fi peptide sí i, mo ta sẹ́ẹ̀lì T tó mọ̀ ọ́n sí i. Ní nǹkan bí aago 2 òru, sẹ́ẹ̀lì T kan rọra yọ́ wá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìwo ìgbín tí ẹ̀gbọ́n sọ yẹn, mo rí i. Mẹ́ta. Méjì kọjú sí i gbọnrangandan. Ìkẹta kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń lọ sí ibi tí kò sí ẹnìkan.

Sẹ́ẹ̀lì T náà dúró bí ìṣẹ́jú 20, ó bá tirẹ̀ lọ. Méjì àkọ́kọ́ wọlé padà. Ìkẹta yẹn ṣì nà síta nígbà tí mo pa iná. Kí ló ń wá níbẹ̀?

BàbáEndosome

Ìka méjì tó kọjú sí sẹ́ẹ̀lì T, o ti rí i kà nínú ìwé. Ìkẹta ni kí o kọ sílẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì mélòó lo wò?

Àrẹ̀mọLáàbù

Mẹ́rìnlá, sà. Mo ti tún gba àyè lórí máíkíróskóòpù fún òru ọjọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú.